Ẹja Tí Kò Tíì Pé Ojú Àwọ̀n

Ní ilé tí a bí mi sí ní Àjàṣẹ́, kò sí ẹni tí í fi ọ̀pá wọn ẹja. Ọwọ́ ni ìyá mi fi ń díwọ̀n rẹ̀. Bí àwọn apẹja bá gúnlẹ̀ sí etí ọ̀sà ní kùtùkùtù òwúrọ̀, á ki ọwọ́ bọ inú agbọ̀n, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan sókè, á wò ó, á sì dá iye lé e. Ẹja ńlá ní iye tirẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ sì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a ń dá padà sínú omi. Ẹja wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn, tí ìyá mi ń yan gbẹ tí ó sì ń pàtẹ ní òkìtì òkìtì, ni ó san owó ilé ẹ̀kọ́ mi. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ó mú kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣòro fún mi láti sọ.

Ní ọdún 2009 ni mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Brest, ìlú èbúté tí ó wà ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Òtútù ibẹ̀ mú mi, ìdánìkanwà sì mú mi ju òtútù lọ. Bàbá arúgbó kan ni ó ni ilé tí mo gba yàrá sí. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, aya rẹ̀ sì ti kú. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọmọ ẹlẹ́ja ni mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n múra ní ọjọ́ Sátidé. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ sórí àwọn àpáta etí òkun lápá Le Conquet àti Saint-Mathieu, òun pẹ̀lú ọ̀pá ìpẹja méjì, èmi pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù tí ó yá mi.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yà mí lẹ́nu ni pé bàbá náà kì í ta ẹja. Mo bi í pé, "Bàbá, ta ni ó ń bá yín rà á?" Ó ní kò sí ẹni tí ó lè rà á, nítorí òfin ilẹ̀ Faransé kò fún ẹni tí ó ń pẹja fún afẹ́ láyè láti ta ẹyọ kan. Kí ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú ará ilé rẹ̀ nìkan. Èmi tí mo dàgbà sáàárín agbọ̀n, òṣùwọ̀n àti ariwo ìdúnàádúrà, n kò tíì rí ẹni tí yóò dúró nínú afẹ́fẹ́ àti òjò fún wákàtí mẹ́rin nítorí ohun tí kò ní sọ di owó.

Ẹja tí a ń wá jù lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní bar. Ara rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, ẹ̀yìn rẹ̀ ní ẹ̀gún tí ó le, ó sì ní agbára ju bí ó ti rí lójú lọ. Bí ó bá gbé ìwọ̀ mì, ọ̀pá á tẹ̀, ọkàn ẹni á sì máa lù kìkì. Ṣùgbọ́n kí ó tó di pé a yọ̀, bàbá á kọ́kọ́ tẹ́ ẹja náà sórí pákó kan tí ó lẹ ọ̀pá ìdíwọ̀n mọ́. Láti ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ títí dé ìpẹ̀kun ìrù rẹ̀ ni ó ń wọ̀n.

Àwọn Faransé ní ọ̀rọ̀ kan fún ìwọ̀n yìí tí ó wù mí púpọ̀: la maille. Ojú àwọ̀n ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹja tí ó bá kéré ju ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀, wọn a ní kò tíì pé ojú àwọ̀n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀ ni a fi mú un, tí àwọ̀n kankan kò sì sí nítòsí. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń fi àwọ̀n ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni àwọn tí ń fi ìwọ̀ ṣeré ṣì fi ń díwọ̀n ohun tí wọ́n mú.

Ní àkókò náà, sẹ̀ǹtímítà 36 ni òfin béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mú bar ní agbègbè wa. Ṣùgbọ́n bàbá mi yìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bá ara wọn ṣe àdéhùn pé ẹja tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 42, wọn yóò dá a padà sínú òkun. Kò sí ọlọ́pàá tí yóò mú wọn bí wọn kò bá ṣe é, kò sì sí owó ìtanràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, láàárín àwọn àgbàlagbà tí wọ́n mọ ara wọn.

Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní abo bar kì í tètè dàgbà. Ó sábà máa ń tó ọdún márùn-ún sí méje kí ó tó yé ẹyin fún ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tí ó bá gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 42. Akọ a máa tètè gbó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mú abo tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 37 kò rú òfin rárá, ṣùgbọ́n ó ti mú ẹni tí kò tíì bímọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "Òfin sọ fún mi ohun tí mo lè ṣe. Kò sọ fún mi pé mo gbọ́dọ̀ ṣe é."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi. Mo gbà á bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń gba ẹ̀kọ́ tí kò tíì ná an ní ohunkóhun.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, bàbá ṣàìsàn díẹ̀, mo sì dá lọ sórí àpáta. Àwọn ará ilé wa mẹ́ta tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú mìíràn ń bọ̀ wá kí mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sì ti ṣèlérí fún wọn pé a ó jẹ ẹja tútù pẹ̀lú ata gígún, bí ẹni wà nílé. Láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, n kò rí nǹkan kan. Nígbà tí omi òkun bẹ̀rẹ̀ sí í padà, bar kan gbé ìwọ̀ mì. Mo tẹ́ ẹ sórí pákó. Sẹ̀ǹtímítà 38 ni.

Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé òfin wà lẹ́yìn mi, àti pé èmi kò tilẹ̀ bá wọn dá májẹ̀mú, àwọn arúgbó wọ̀nyẹn ni wọ́n dá a láàárín ara wọn. Mo sọ pé ẹja kan ṣoṣo kò lè tán òkun. Gbogbo ohun tí mo sọ ni ó jẹ́ òtítọ́, mo sì gbé ẹja náà lọ sílé.

Nígbà tí mo là á, mo wá ẹyin nínú rẹ̀. Ọmọ ẹlẹ́ja ni mí, mo mọ ibi tí í wà. Abo ni, ṣùgbọ́n okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí kò ní nǹkan nínú ni mo rí. A jẹ ẹja náà lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì dùn. N kò ní purọ́ fún yín pé ó korò lẹ́nu mi.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, ara bàbá ti le. Bí a ti ń múra, ó rí ìpẹ́ kan tí ó ti gbẹ mọ́ apá ẹ̀wù òtútù tí ó yá mi. Ó fi èékánná yọ ọ́, ó gbé e sábẹ́ awò tí í sọ nǹkan kékeré di ńlá, tí ó fi ń ka ìwé ìròyìn. Ìpẹ́ bar ní àwọn òrùka nínú, gẹ́gẹ́ bí ìdí igi tí a gé ṣe ń ní. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà lè mọ iye ọdún tí ẹja náà ti lò nínú omi. Bàbá wò ó pẹ́. Ó ní, "Márùn-ún." Ó fi ìpẹ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó gbé ọ̀pá rẹ̀, a sì jáde. Kò tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí mo fi kúrò ní ilé rẹ̀.

Ìtìjú ọjọ́ náà kọ́ mi ní ohun kan. Àdéhùn tí kò ní ìjìyà nínú le ju òfin lọ. Ẹni tí ó bá rú òfin lè san owó ìtanràn, kí ọ̀ràn sì parí. Ẹni tí ó bá rú àdéhùn kò rí ẹni tí yóò san nǹkan fún. Ojú ẹni tí ó gbà á gbọ́ nìkan ni yóò máa wò.

Àwọn arúgbó wọ̀nyẹn kò dá wà. Ní oṣù keje ọdún 2010 kan náà, àwọn àjọ apẹja afẹ́ àti ìjọba ilẹ̀ Faransé ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan lórí pípẹja fún afẹ́ lọ́nà tí kò ní ba òkun jẹ́. Ní ọdún 2011, ìjọba pàṣẹ pé kí apẹja afẹ́ máa gé apá ìsàlẹ̀ ìrù àwọn ẹja kan, bar sì wà lára wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà lè gbé e lọ tà lọ́jà. Ní òpin ọdún 2012, sẹ̀ǹtímítà 42 tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu di òfin fún àwọn apẹja afẹ́ ní etíkun Atlantique àti Manche. Àwọn apẹja oníṣẹ́ ṣì wà ní 36 nígbà náà.

Ṣùgbọ́n bar ti ń dín kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá àwọn ọkọ̀ tí ń wọ́ àwọ̀n láàárín omi dúró ní àsìkò tí bar ń kó ara wọn jọ láti yé ẹyin. Ní oṣù kẹta ọdún náà, a sọ fún apẹja afẹ́ pé ẹja mẹ́ta ni kí ó mú lójúmọ́, ní gbogbo omi tí ó wà lókè ìlà 48 ní àríwá, níbi tí Brest wà. Ní oṣù kẹsàn-án, 42 di òfin fún oníṣẹ́ àti aláfẹ́ ní apá àríwá náà. Ní ọdún 2016, fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ gbé bar tí ó fi ìwọ̀ mú fún afẹ́ lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni a fún wọn ní ẹyọ kan lójúmọ́. Ọdún 2020 ni ó tó di méjì, láti oṣù kẹta sí oṣù kọkànlá. Ohun tí àwọn àgbàlagbà fi ọwọ́ ara wọn ṣe ní ìrọ̀rùn ni òfin wá fi ipá béèrè, nígbà tí ẹja ti wọ́n.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pẹ̀lú pé dídá ẹja padà kì í ṣe kí a kàn jù ú sómi. Bàbá kọ́ mi pé kí n fi omi òkun rin ọwọ́ mi kí n tó fọwọ́ kan ẹja, nítorí ọwọ́ gbígbẹ a máa bó ohun yíyọ̀ tí ó ń dáàbò bo awọ ara rẹ̀. Bí ìwọ̀ bá ti lọ jìnnà sínú ọ̀nà ọ̀fun, kí n gé okùn, kí n má fà á. Àwọn ẹja mìíràn sì wà tí dídá wọn padà kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Lieu jaune tí a fà sókè láti inú ibú, àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a wú, kò sì rọrùn fún un láti tún rì padà. Fún irú ẹja bẹ́ẹ̀, bàbá ní kò sí ìwọ̀n tí ó ń gbà á là. Ohun tí ó kù ni pé bí ènìyàn bá ti mú ìwọ̀nba tí yóò jẹ, kí ó ká okùn rẹ̀, kí ó máa lọ sílé.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2012, mo padà wá sí Àjàṣẹ́ fún ìsinmi, mo sì mú ọ̀pá ìdíwọ̀n kékeré kan wá nínú àpò mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ìyá mi lọ sí etí ọ̀sà. Bí àwọn apẹja ti gbé agbọ̀n wọn kalẹ̀, mo fa ọ̀pá mi yọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹja níwájú gbogbo ènìyàn. Mo ń ṣàlàyé bí òkun àwọn Faransé ti rí. Mo sì sọ fún bàbá apẹja tí ìyá mi ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe mi pé àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tí ó ń lò, ìjọba ti fòfin dè é, àti pé àwọn ọmọ ẹja ni ó ń kó. Bàbá náà kò dá mi lóhùn. Ó wo ìyá mi.

Ìyá mi kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, bàbá rẹ Faransé yẹn, bí kò bá rí ẹja mú, kí ni yóò jẹ lálẹ́?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, yóò jẹ ohun mìíràn. Ó ní owó ìfẹ̀yìntì."

"Ó dára. Èyí tí ó wà níwájú rẹ yìí ńkọ́?"

N kò rí èsì fọ̀. Ó gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja ẹ̀pìà kan tí ó tóbi jù nínú agbọ̀n náà. Kò tó ìdajì ọ̀pá mi. Ó ní, "Ẹja inú ọ̀sà wa yìí ti bímọ, ó ti ní ọmọ-ọmọ, kò sì ní gùn tó ohun tí ò ń wí títí yóò fi kú. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ta ni ó sọ fún ọ pé òkun wọn àti ọ̀sà wa ń jẹ ìwọ̀n kan náà?"

Lẹ́yìn náà ni ó mú òmíràn, ó fi àtàǹpàkò la ẹnu rẹ̀. Ẹyin pupa rúsúrúsú kún inú ẹnu ẹja náà. Ó ní, "Akọ ni èyí. Abo á yé ẹyin, akọ á kó o sẹ́nu títí ọmọ yóò fi jáde. Nígbà tí mo wà ní ọmọdébìnrin, ìyá mi kì í ra irú ẹja báyìí. Bí apẹja bá gbé e wá, á ní kí ó dá a padà, òun kò ra bàbá mọ́ ọmọ. Kì í ṣe èèwọ̀. Kò sí ẹni tí ó pa á láṣẹ fún un."

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ̀yin fi ń rà á?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹja pọ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó bá ní púpọ̀ ni ó lè ṣà. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, tí owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ sì dé, mo rà á."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìmọ̀ tí mo rìn jìnnà lọ kó kò ṣàjèjì sí ilé wa. Ìyá ìyá mi ní àdéhùn tirẹ̀ pẹ̀lú ọ̀sà kí n tó gbọ́ orúkọ Brest. Òṣì ni ó já a gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Inú ìjà yìí ni èmi náà ti jẹun yó, tí mo sì fi kàwé.

Àwọn àgbẹ̀ wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Kétu mọ ọ̀ràn yìí dáadáa. Àgbẹ̀ kì í jẹ ẹ̀bù iṣu tán. Bí ebi tilẹ̀ ń pa á, ó mọ̀ pé ohun tí òun bá jẹ lónìí kò ní sí láti gbìn lọ́dún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bù àgbẹ̀ wà nínú àká tirẹ̀, ojú rẹ̀ sì tó o. Ẹ̀bù inú omi kò ní àká. Bí èmi bá fi í sílẹ̀, ẹlòmíràn lè kó o lọ́la. Ìdí nìyí tí àdéhùn ẹnì kan kò fi tó, tí ó sì fi ṣòro fún aláìní láti ṣáájú nínú rẹ̀. Ó tọ́ kí àwọn tí ń pẹja fún afẹ́ kọ́kọ́ sé ara wọn mọ́, nítorí àwọn ni kíkó-ara-ẹni-níjàánu náà kò ní pa lébi. Bí aláfẹ́ bá wá bá oníṣẹ́ wí kí ó tó fún un ní ohun tí yóò fi gbé ìgbésẹ̀, ariwo lásán ni ó ń pa, gẹ́gẹ́ bí èmi ti pa á ní etí ọ̀sà.

Kí n tó padà, mo fi owó tí mo fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tuntun ra àwọ̀n olójú gbàràgàdà kan fún bàbá apẹja náà. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i láàárín ọjà. Ó gba àwọ̀n náà, ó sì súre fún mi. Ìyá mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó ń lò ó ní ìgbà tí omi bá kún tí ẹja sì pọ̀. Ní ìgbà ọ̀wọ́n, ó ń padà sí ti àtijọ́. N kò ní ẹnu láti bá a wí. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀pìà tí ó gbé ẹyin sẹ́nu, èmi kò sì sọ fún un pé kí ó ṣe é.

Ní báyìí tí mo ti padà sílé pátápátá, mo máa ń gbé ọ̀pá lọ sí etíkun Sèmè ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Kò sí ẹgbẹ́ tí ń ṣọ́ mi níbẹ̀. Mo ń dá ẹja kékeré padà pẹ̀lú ọwọ́ tútù, n kì í sì í mú ju èyí tí ilé wa yóò jẹ lálẹ́ lọ. Àwọn ọmọdé etíkun a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan nínú wọn a máa gba ẹja náà lọ́wọ́ mi kí n tó jù ú, mo sì ń fún wọn, nítorí mo mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ inú ẹgbẹ́ wa, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín. Ẹ lọ bá àwọn ìyá yín àti àwọn apẹja ní etí omi. Ẹ kọ orúkọ ẹja kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní Yorùbá, ní Gùn àti ní Faransé. Ẹ béèrè ìgbà tí ó ń yé ẹyin, àti bí ó ti máa ń tóbi tó kí ó tó yé e, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ bá gbọ́ wé ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ. Nígbà tí a bá mọ ìwọ̀n tiwa, a ó lè jókòó láti ṣe àdéhùn tiwa. Ìyá mi ti gbà láti dáhùn ìbéèrè ẹnikẹ́ni tí ó bá wá, bí ó bá lè tètè jí, nítorí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni agbọ̀n máa ń gúnlẹ̀.